Ẹ̀rọ Inú Ọ̀rá

Ẹ má fún mi ní àga, Mátírọ̀nù! Mi ò jókòó. Ẹni tó jókòó sórí àga yìí nígbà márùn-ún ti wà nínú erùpẹ̀. Torí káàdì lẹ ṣe ránṣẹ́ sí mi, àbí torí káàdì kọ́? Ẹ ní kí Ràhámọ̀tù aláṣọ mú káàdì Kafilat ọmọ rẹ̀ wá, pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́jọ́ Jímọ̀, pé káàdì ò gbọdọ̀ dín ọ̀kan nínú fáìlì. Ó dáa. Òun nìyí. Ẹ má nawọ́! Mi ò tíì sọ tẹnu mi tán.

Ẹ kà á. Ẹ ò ní í kà á? Èmi á kà á. Oṣù àkọ́kọ́ tó wá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Oṣù kejì, ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ìkẹta ńkọ́? Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin! Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ọ̀kan náà ni, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Yéè! Ṣé ènìyàn lọmọ mi ni àbí ògiri? Ẹ̀jẹ̀ ta ló ń dúró sójú kan fún oṣù márùn-ún, tí ẹsẹ̀ alára ń wú tí bàtà ò gbà á mọ́, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń ní òun ń rí nǹkan bí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan? Ó sọ fún yín. Ẹ ní wàhálà oyún ni, kó lọ sinmi.

Aṣọ ni mò ń tà, ẹ̀yin náà ń rà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ mi. Tí oníbàárà bá fẹ́ yáàdì mẹ́rin, ṣé màá wo ojú rẹ̀ kí n ní, "Tìẹ náà á rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ," kí n wá ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ? Màá wọ̀n ọ́n ni! Bẹ́ẹ̀, tí mo bá gé e sódì, ohun tó bàjẹ́ ò ju bùbá lọ. Tiyín ńkọ́, Mátírọ̀nù Ìyá Moṣọpẹ́?

Ọjọ́ tí gìrì mú un nílé ọkọ rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, tí mọ́tò gbé wa dé Òṣogbo, dókítà kékeré kan so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó kà á, ó tún un kà, ó gba káàdì yìí, ó ní, "Màmá, ta ló kọ eléyìí?" Ọgọ́sàn-án lórí ọgọ́fà lòun rí. Ẹ gbọ́ o! Ọgọ́fà tí ẹ kọ sókè, ìsàlẹ̀ ni dókítà ti bá a. Wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè. Ìyá ò jí mọ́.

Hẹ̀n-ín? Ẹ̀rọ yín bàjẹ́? Wallahi, ẹ dákẹ́! Bọ́sẹ̀ tó ń gbálẹ̀ níbí wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó sunkún títí, ó sì tú u sí mi létí. Ó ní òótọ́ ni, èyí àtijọ́ bàjẹ́ látinú ààwẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi tuntun ránṣẹ́. Òun ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn yín yẹn, nínú ọ̀rá tó bá a wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì rèé lọ́rùn yín! Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kó lè máa dán títí àwọn alábẹ̀wò á fi dé. Ẹ ní kí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì máa kọ iye tí ti ẹni tára rẹ̀ le máa ń jẹ́. Ẹ má sì dán an wò pé ẹ fẹ́ lé Bọ́sẹ̀ o! Tí ẹ bá lé e, ẹnu ọ̀nà yín níbí ni màá kó aṣọ wá pàtẹ sí, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìwé tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri yẹn, tó ní ilé ìlera yìí dójú òṣùwọ̀n, òun ló tàn mí. Òṣùwọ̀n ta ni? Ti Kafilat, àbí ti àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Ọmọ mi ní, "Màámi, ara mi ò ṣe mí bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ n lọ Òṣogbo." Èmi! Èmi ni mo ṣí káàdì, tí mo ka nọ́ńbà sí i létí, tí mo ní, "Kí lò ń ṣojo sí? Àwọn tó mọṣẹ́ ti wò ọ́." Ó sì gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá jí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń bá jí?

Kí lẹ wí? Àmúwá Ọlọ́run? Astagfirullah! Ọlọ́run ò ti kọ́bọ́ọ̀dù pa. Ẹ̀yin lẹ tì í.

Ẹ wo ìta. Halimah ìyàwó ọmọ mi ló jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, oyún oṣù méje, káàdì lọ́wọ́. Ṣé kí n sọ nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ fún yín, àbí ẹ ti mọ̀ ọ́n?

Káàdì Kafilat ò ní wọ fáìlì yín. Ọwọ́ mi làwọn alábẹ̀wò ti máa bá a lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n òní ni mo wí. Ẹ bọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn. Ẹ fa ọ̀rá yẹn ya lójú mi, kí n gbọ́ ìró rẹ̀. Apá mi rèé, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Lẹ́yìn mi, Halimah. Lẹ́yìn Halimah, gbogbo àwọn tó kù lórí bẹ́ńṣì. Ẹ ṣí i! Mo ní kí ẹ ṣí i!