Ẹ Gbé Omi Jìnnà sí Ẹ̀gbọ́n Yín

Ẹ pa iná yẹn ná, ọkọ mi, ẹ pa á, kí ẹ sì bọ́ awò dúdú yẹn lójú, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà, n ò sì fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù yín nínú oòrùn yìí kí n wá máa bá dígí sọ̀rọ̀. Rárá, n ò jókòó. Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀. Tí mo bá jókòó ara á tù mí, tí ara bá sì tù mí, n ò ní lè sọ ohun tí mo bá wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo bá wá. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n yín, baálé mi, rà ní àlòkù kí n tó bí àkọ́bí, tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó sì ń wẹ̀ nínú omi, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀pọ̀lọ́. Ta ló ní kí ẹ gé e? Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe wà nínú mi.

Ọjọ́ Ajé tí mo gbé ẹ̀gbọ́n yín lọ rí dókítà lẹ wá gbé mọ́tò. Ọjọ́bọ̀ tí a tún lọ, ẹ dá a padà. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo bá táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níta, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ẹ ti fa ọ̀pá tó gbé wọn gùn, gbogbo wọn wá yọ kúrò lára mọ́tò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko, bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ gan-an. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, èmi nìkan, mo ṣàdúrà fún yín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé mo kúnlẹ̀.

Torí èmi ni mo pariwo, n ò jiyàn. Nígbà òjò, níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ lọ sódò, mọ́tò yẹn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà mẹ́ta kúrò nílẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, mo fi ìkejì di ẹ̀gbọ́n yín mú, ọkàn mi já. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ilé. Mo pè yín lórí fóònù pé ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i kó má dà wá nù. Ẹyin lohùn, mo ti là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ṣé ata ló yẹ kó fi sẹ́nu?

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọjọ́ tí a máa ń lọ sódò, mo wẹ ẹ̀gbọ́n yín, mo wọ̀ wọ́n láṣọ, káfíńtà ilé kejì bá mi gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga sínú mọ́tò, mo de bẹ́líìtì mọ́ wọn níbàdí. A dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, Ọ̀pọ̀lọ́ ò mì. A wọ omi, ó dúró bí ẹni pé orí ẹní la jókòó sí. Mo ń yìn yín lọ. N ò purọ́ mọ́ yín, iṣẹ́ yín dára. A dé àárín omi, mo pa ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe máa ń pa á.

Ẹ ò mọ ìdí tí mo fi ń pa á, àbí? Níbo lẹ ti máa mọ̀ ọ́n? Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti mú apá ọ̀tún wọn àti ohùn wọn lọ, ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún wọn. Nínú ilé, ó kàn wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà fún wọn ní bọ́ọ̀lù pé kí wọ́n máa fún un, wọ́n ń jẹ́ kó bọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá dé àárín omi, tí ariwo bá dákẹ́, wọ́n á sọ ọwọ́ yẹn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, omi á máa gba àárín ìka wọn kọjá, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu ni o. Wọn ò rín in sí mi rí, wọn ò rín in sáwọn ọmọ. Omi nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun ni mo fi ń gbé ọjọ́ mẹ́fà yòókù.

Wọ́n sọ ọwọ́ sílẹ̀ ní Sátidé yẹn, orí táyà ló bà lé. Wọ́n tì í síwájú, táyà. Wọ́n fà á sẹ́yìn, táyà. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ síta, bẹ́líìtì dá wọn dúró, ìdajì ara ò sì lè ti ìdajì. Wọ́n wá yíjú wò mí. Ọkọ mi, wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé omi jìnnà sí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ yẹn padà sórí itan, wọn ò sì gbé e mọ́ títí a fi délé. Sátidé méjì ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá ti mú bẹ́líìtì, wọ́n á kọjú sógiri.

Kí lẹ wí? Kí ẹ tú u? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò ṣeé tú. Mo ti pe mẹkáníìkì orígun ọ̀nà wá wò ó. Ó ní ká ní bóòtì àti nọ́ọ̀tì lẹ fi so irin mọ́ ọn, kóun tó jẹun ọ̀sán òun ì bá ti yọ ọ́. Ó ní ẹ gé ọ̀pá àtilẹ̀wá ní méjì, ẹ ki irin bọ àárín, ẹ jó o pọ̀, àwọn tó sì ń rọ irú ẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́, kò sí i lọ́jà, kò sí i láàárín àlòkù irin. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́? Ọdún tí mo wọ ilé yín, imú yín ṣì ń ṣàn, orí àpótí aṣọ mi lẹ jókòó sí tí ẹ ní ẹ ò dìde àfi tí ìyàwó bá fún yín ní súìtì, ọkọ mi ni mo sì ń pè yín láti ọjọ́ náà. Etí mi wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín ń kọ́ yín, tí wọ́n ń sọ fún yín pé ohun àtijọ́, ẹ má fi iná bá a wí, bóòtì ni kí ẹ fi bẹ̀ ẹ́, torí bóòtì ṣeé tú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ń kánjú. Ẹ fẹ́ parí rẹ̀ kí a tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

Ẹn-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń wá bọ̀.

Kí lẹ ń sá fún, ọkọ mi? Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ wọ yàrá yẹn. Ẹ wo ẹnu wọn tó wọ́, ẹ jáde, mo sì gbọ́ ẹkún yín lẹ́yìn àgbá omi. Láti ìgbà náà, ẹ ti tún géètì ṣe, ẹ ti tún òrùlé ṣe, ẹ ra fáànù, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì, ẹ fa mọ́tò gùn. Gbogbo nǹkan inú ilé yẹn lẹ ti fọwọ́ kàn, àfi ẹ̀gbọ́n yín. Ọjọ́bọ̀ yẹn, a ti wọlé kí ẹ tó lọ tán, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ há ojú fèrèsé, ẹ húkọ́. Wọ́n dá ohùn yín mọ̀. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà títí oúnjẹ fi tutù lẹ́nu wọn.

Ẹ má nu ojú fún mi, ẹ jẹ́ kó ṣàn. Èmi náà ti sun tèmi.

Sátidé tó ń bọ̀ lẹ máa wá. Ẹ ò gbọdọ̀ mú ohun èlò kankan dání, kódà bó ṣe sùpánà. Inú yàrá lẹ máa wọ̀, ẹ máa jẹ́ kí wọ́n wò yín dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ máa wò wọ́n, lẹ́yìn náà ẹ máa gbé wọn sínú mọ́tò fúnra yín. Tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ gbá wọn mú níbàdí, kí ẹ na ẹ̀gbọ́n yín kọjá táyà tí ẹ gbé jáde, títí ọwọ́ wọn á fi wọ omi. Ẹ ò sì ní fà wọ́n padà títí wọ́n á fi tẹ́ ara wọn lọ́rùn. Apá á ro yín. Wọ́n wúwo, ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún yín.