Ọ̀sẹ̀ Tí Alákàrà Ò Sí Nílé

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Sabon Tasha ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n ń bá ìjọba kó ìròyìn abẹ́lẹ̀ jọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wa wò sọ?"

"Ó ní ìròyìn wa dáa, àfi ọ̀sẹ̀ kan tí a ń kọ 'ìlú tòrò' ṣáá."

"Haba! Ọ̀sẹ̀ tí alákàrà ẹnu géètì wa lọ síbi ìgbéyàwó nù un!"

"Mo jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ta ni ìbá ròyìn ìlú fún wa?"

"Wọ́n á ti ọ́fíìsì pa nìyẹn."

"Rárá. Ó ní kí á gba ìyá náà síṣẹ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì wá."