Dọ́là Fàdákà Tí Wọ́n Fi Eérú Fọ̀

Níbi tí a ti ń dúró kí ọkọ̀ Sakété kún ní Pobè, mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan àti ọkùnrin tó ń ra owó fàdákà àtijọ́.

"Ìyá, ẹ ti fọ dọ́là fàdákà yìí."

"Ọdọọdún la máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìyá mi ló ń fọ̀ ọ́ kó tó kàn mí."

"Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ kó dúdú ni, ǹ bá kà á sí ipò kìíní, ǹ bá sì san owó gidi lé e. Ẹ wo obìnrin tí wọ́n yà sára rẹ̀, kò nímú mọ́."

"Ṣé kí n fi ohun ìyá mi sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí ni?"

"Ìdọ̀tí kọ́, ìyá. Ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ fọ̀ dànù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ìyá náà na ọwọ́.

"Dá a padà. Ọwọ́ ìyá mi ló pa imú yẹn rẹ́."