Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn Ìrìbọmi

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ dá orin dúró ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sínú odò yẹn lónìí. Èmi díákónì yín, tí ẹ ń pè ní Bàbá Páìpù, ni mò ń sọ̀rọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé yìí sí yín. Dókítà ti pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n rò pé mo ti sùn. Ẹni tó ti ń purọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án kì í tètè sùn. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, orin ẹni rere ni ẹ máa fi sin mí, tí ẹ bá sì ti ibi ìsìnkú dé, ẹ ó tún lọ bu omi yẹn mu. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé púlọ́ńbà ni mí nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ awọ màlúù di awọ bàtà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni bí omi tí wọ́n fi ń fọ awọ náà ṣe máa ń rí. Ó dúdú, ó máa ń ta síni nímú, bó bá kan ọwọ́, ọwọ́ á bó. Òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ kí wọ́n tó dà á nù, àmọ́ ẹ̀rọ náà bàjẹ́, wọn ò sì tún un ṣe. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá Páìpù, ibo la lè gbé omi yìí gbà tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ò ní rí i?" Ẹ gbọ́ o, Ọ̀gá kọ́ ló mú èrò náà wá. Èmi ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹrẹ̀ etí odò ń yọ àwọn tó ń ṣèrìbọmi ní ìjọ wa. Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ̀gùn ta wọ́n lọ́rẹ, ká gbé páìpù gba abẹ́ ẹ̀. Ta ni yóò hú àtẹ̀gùn ìjọ?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Orí rẹ pé! Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ láéláé." Ẹ̀rù àìníṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó ń bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín: inú mi tún dùn pé mo gbọ́n. Ọgbọ́n ìkà!

Nígbà tí a kọ́ àtẹ̀gùn náà tán, ẹ yà á sí mímọ́, ẹ gbàdúrà lé mi lórí. Ṣé ẹ rántí? Mo kúnlẹ̀, mo sì ń ṣe àmín. Láti ìgbà náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ tí aláyẹ̀wò kì í ṣiṣẹ́, màá kọ́kọ́ lọ ṣí omi náà nílé iṣẹ́, màá wá wọ kóòtù wá sí ìjọ. Kò pẹ́ tí ìfófòó funfun fi ń hó níbi àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àdúrà bá pariwo pé, "Áńgẹ́lì ti rú omi o!" Ni kálukú bá sáré lọ mú ìgò. Pásítọ̀ yíjú sí mi: "Díákónì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa omi. Kí lẹ rí sí i?" Gbogbo ojú sì wà lára mi. Mo mọ̀ pé kẹ́míkà awọ ni. Mo ní, "Pásítọ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run kò ṣeé wádìí." Gbogbo yín ké halelúyà.

Apẹja tó ń jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn wá bá mi, ó ní ẹja ń kú, ikùn ni wọ́n ń fi sókè lójú omi. Mo ní kó lọ yẹ ayé ara rẹ̀ wò. Ẹni tó ń sọ òtítọ́! Ó palẹ̀ àwọ̀n rẹ̀ mọ́, kò sì wá sí ìjọ mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyẹn náà ṣì kéré. Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ló pọ̀n mí, àwọn ló ń fi orí ru omi tí mo fi ń wẹ̀ lọ sílé ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọ ilé mi. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní omi àtẹ̀gùn ń wo àìsàn, àmọ́ ó ń rùn díẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ nípa omi. Ṣé kí n mu ún?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Bí mo bá ní kí wọ́n má mu ún, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Ẹ mu ún, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́." Wọ́n bu ife kan, wọ́n gbé e mì lójú mi, wọ́n fajú ro, wọ́n tún rẹ́rìn-ín: "Ó korò bí oògùn. Á jẹ́ pé ó máa ṣiṣẹ́ nìyẹn." Omi inú ìgò tí mo rà ni èmi ń mu ní tèmi. Áà! Ta ló ń ṣe irú èyí sí ẹni tó pọ̀n ọ́n?

Kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Wọ́ọ̀dù obìnrin tó kọjú sí tiwa ni wọ́n wà. Lánàá, mo bẹ nọ́ọ̀sì kó fi kẹ̀kẹ́ tì mí débẹ̀. Ojú wọn wú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé o bá mi mú omi náà wá?" Ni mo bá bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, láti orí páìpù títí dórí ife yẹn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Wọ́n wá ní, "Èmi ti dàgbà. Ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Ife kan fún mi, ife kan fún un, láràárọ̀."

Ọmọ náà wà níwájú yín báyìí, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ń dúró de ìrìbọmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ẹ tó ka èyí tó kù. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a; ẹ má jẹ́ kó bá tèmi lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti kú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́, ẹ̀kọ́ náà dára, olùkọ́ ni kò dára. Ẹ bá mi bẹ apẹja náà. Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ti ṣí omi náà láàárọ̀ yìí, torí èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ gbé òòlù, ẹ fọ́ àtẹ̀gùn kẹta, ẹ ó rí ẹnu páìpù.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Lọ dí páìpù yẹn ná." N ò lè dìde. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dí i.