Ẹni Tó Ba Kójì Ilé Kurahashi Jẹ́

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Fumie aya mi, ìwọ náà jókòó, gbé tíì yẹn sílẹ̀. Dókítà ní ó ku oṣù méjì, bóyá mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti lo ọdún méjìdínláàádọ́ta nínú mi, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹni tó ba kójì jẹ́ lọ́jọ́sí, ìwúkàrà tí a fi ń ṣe omi sóyà ilé yìí, kì í ṣe Yasuhiko. Èmi ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mọ ìtàn náà dáadáa, nítorí èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé: pé ọmọ bíbí inú ilé yìí jẹ nátò tó jẹ́ èèwọ̀ wa ní àsìkò kójì, pé ẹnu rẹ̀ ló lé e nílé. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ kó dùn.

Jinzaemon tí ẹ ń pè mí kì í ṣe orúkọ mi. Olórí ilé ló ń jẹ́ ẹ, láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé àgbá omi sóyà kalẹ̀ níbí. Èmi ni ìkẹjọ. Tamotsu Ogata ni wọ́n sọ mí, apẹja sì ni bàbá mi. Mo wọ ilé yìí lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo fi pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, èmi ni olórí òṣìṣẹ́. Yasuhiko, ọmọ ọ̀gá, jẹ́ méjìlélógún. Aláwàdà ni, ó sì máa ń gbàgbé nǹkan, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má gbè mí pé n kò mọ̀.

Ọ̀gá gba ohun tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ ń sọ gbọ́, pé èèyàn ò lè ṣa ọmọ tó máa bí, àmọ́ ó lè ṣa ẹni tó máa fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí Yasuhiko dá kójì àkọ́kọ́ ọdún náà ṣe. Bó bá yọrí, òun ni yóò jogún. Bí kò bá yọrí, ọ̀gá á sọ ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ di ọmọ, á fún un ní Fumie ọmọ rẹ̀ obìnrin àti orúkọ ilé. Kò dárúkọ ẹni náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Tan, ará Ṣáínà tó ń kó ẹ̀wà sóyà wá fún wa láti Kobe, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pariwo pé, "Ọ̀gá, ṣé ara yín dá ṣá? Ẹ ní ọmọkùnrin nílé, ẹ tún ń wá ọmọ lóde? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ ẹni tiẹ̀ ya òmùgọ̀, òun náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Tó bá bà á jẹ́, ọmọ tiẹ̀ á tún un ṣe."

"Ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù yín kì í fi í pẹ́," lọ̀gá dáhùn. "Tiwa ti lé ní igba ọdún. Ọmọ mi kọ́ ló ni ilé yìí. Ilé yìí ló ni ọmọ mi."

"Ó dáa o. Kí ilé yìí náà wá sunkún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi wà lára aṣọ aró ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ orúkọ ilé sí.

Lọ́jọ́ kejì tí Yasuhiko tẹ́ ẹ̀wà náà sínú àwo pákó kí kójì lè hù lórí rẹ̀, mo wọ yàrá náà nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán. Ẹ mọ nátò: ẹ̀wà sóyà kan náà ni, àmọ́ ó ń fà bí ilá, ó sì ń rùn bí irú. Kì í wọ ẹnubodè wa ní àsìkò yẹn, nítorí ibi tó bá ti dé, kójì ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Mo ti pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò. Mo wọ́n ọn sínú àwo mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà mo padà lọ jẹ ẹja mi tán.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, gbogbo yàrá ti ń rùn. Yasuhiko fà mí lọ sẹ́yìn àgbá.

"Bọ̀dá Tamotsu, mo gbé. Èmi ni mo fà á. Mo jẹ nátò nílé ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fi kan ẹnu, mo sì wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ. Ṣé kí n sọ fún bàbá mi?"

Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti àwọn àwo yẹn, mo lè ní iṣẹ́ èṣù ni. Àmọ́ èyí, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Sọ òótọ́ fún wọn, àbúrò mi. Bàbá rẹ ni wọ́n, wọn ò ní pa ọ́." Ó tẹrí ba fún mi, ó dúpẹ́.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó ní kó ti lọ kí wọ́n tó kó ẹ̀wà náà dànù tán. Fumie, ẹnu ọ̀nà lo dúró sí. O ní, "Bọ̀dá, ẹnu lásán lẹ fi ta ilé bàbá wa!" O ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Tan ló gbé àpò rẹ̀. Ó ní, "Ó yá, tèmi ni ká lọ. Mo ní ọmọ mẹ́rin tí wọn ò gbọ́n, ìkarùn-ún ò ní pa mí." Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ọ, mo gba orúkọ.

Yasuhiko kú sí Kobe ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àyè kan wà fún mi nínú sàréè Kurahashi. Ẹ lọ mú egungun Yasuhiko wá, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ gbé èmi lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá sì dé, ẹ sọ ìtàn nátò fún un, ẹ má fò ó. Àmọ́ ẹ má dárúkọ Yasuhiko, ẹ má sì ba Jinzaemon jẹ́, ìyẹn ti ilé ni. Ẹ ní Tamotsu Ogata ló ṣe é.

Fumie, gba àpótí yìí. Káàdì ọdún tuntun tí Yasuhiko ń kọ sí mi lọ́dọọdún ni, mẹ́tàdínlógójì. Nǹkan kan náà ló wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn: "Bọ̀dá, ẹ bá mi bi Fumie, ṣó ti dárí jì mí?" N kò bi ọ́ rí. Mo ń bi ọ́ báyìí. Dá a lóhùn ná. Tèmi lè dúró.