Ojú Ìwé Kan Tí Mo Fò

Oyún tí kì í ṣe tèmi ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Fúnkẹ́, àbúrò mi, ló lóyún oṣù mẹ́ta l'Óǹdó. Òun ń kọrin kiri ilé; èmi tí mo wà l'Alágbàká, l'Àkúrẹ́ níbí, bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Èmi ni mo tì í sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má rò pé n ò kàwé o! Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń fi ẹ̀pà jẹ bọ̀lì ní ọ́fíìsì, ìwé sáyẹ́ǹsì ni tèmi: ti ìràwọ̀, ti ẹ̀jẹ̀, ìtàn àwọn tó kó lọ gbé inú òṣùpá. Bí ẹni ń jẹ gúgúrú ni mo ń kà á. Ibi tó bá le, mo fò ó. Ta ni n ò fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé pásítọ̀ wa tó ń lé ẹ̀mí èṣù kúrò lára ẹni tí ibà ń ṣe ni, àbí ìyá ọkọ Fúnkẹ́ tó ń fi aṣọ bo dígí bí mànàmáná bá ti kọ?

AS ni Fúnkẹ́, AS ni ọkọ rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò. Ọpẹ́, àkọ́bí wọn, wá jẹ́ SS, fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé ẹ ti gbọ́ igbe ọmọ tí egungun ń ro rí? Fúnkẹ́ ní òun ò bímọ mọ́. Ó wá bá mi l'Àkúrẹ́: "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ń kàwé. Kí ni ìwé wí?"

Mo ṣí ìwé ẹ̀jẹ̀ bíi tíṣà. Nínú mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ SS. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan yẹn ló ti dé yìí! Mẹ́ta tó kù, àlàáfíà ni. Máa bí lọ, jàre!" Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Ọpẹ́ ní kó rọra ṣe, mo ní kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, fóònù mi kú, mo bá mú ìwé náà, mo ka ojú ìwé tí mo fò. Ó wà níbẹ̀ kedere: oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ru ewu tirẹ̀, ohun tó bá ẹ̀gbọ́n kò gba àbúrò sílẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Lánàá, Fúnkẹ́ pè: "Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì yẹn tún ń dá mi lẹ́rù. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ju dókítà lọ! N ò lọ sí ọsibítù wọn mọ́." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnu mi tó mú bí abẹ bá yí ọ̀rọ̀ sí aṣọ ọmọ.

Sátidé ló ń bọ̀ wá gba aṣọ ọmọ. Mo ti ṣẹ́ etí ojú ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́gbọ̀n-ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ lábúrò, ẹ gbà mí: ibo ni mo fẹ́ wo lójú rẹ̀, bí mo bá ń kà á fún un?