Èsì Àyẹ̀wò Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi ń ṣépè fún aláìṣẹ̀, mo sì jókòó tì í bí odi. Bọ́lá gbà pé dókítà tó tọ́jú ìyá rẹ̀ ló jáfara. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agége láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ìyàwó mi ń di bisikíìtì sí páálí ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Tí mo bá wọlé, á ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ náà. Àbí ẹ ti yan ẹnu yín mọ́ búrẹ́dì ni?" Èmi á rẹ́rìn-ín, n ó gbé búrẹ́dì gbígbóná lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tèmi nìyẹn.

Àfi bí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe dé. Dókítà, obìnrin onísùúrù kan, là á yé wa pé jíìnì ni ohun tíntìntín tó ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ló yíwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, tó ń pàṣẹ òdì. Oògùn ojoojúmọ́ ni yóò pa á lẹ́nu mọ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí àṣẹ òdì náà ṣe pọ̀ tó. Ó ní, "Ẹ má fi ojú lásán wò ó o. Ara lè dá ṣáṣá, kí nọ́ńbà inú èsì àyẹ̀wò ti máa gòkè. Nọ́ńbà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí àìsàn ń lọ."

Nọ́ńbà ń wálẹ̀. Ìyàwó mi sanra, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, èmi ni mo lọ gba èsì lọ́jọ́ kan tí wọn kò fún un láyè níbi iṣẹ́. Nọ́ńbà ti fò sókè! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká padà wá lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n lè pààrọ̀ oògùn. Mo délé, mo bá a tó ń jó níwájú dígí nínú búbá tuntun. Ó bi mí, "Èsì ńkọ́?" Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń dán. Mo ní, "Ó dára." Mo ká ìwé náà sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Mo ní tí Iléyá bá kọjá, n ó sọ.

Háà! Èmi tí n kì í jẹ́ kí búrẹ́dì kúrò nílé iṣẹ́ láìbu ọ̀kan wò! Ṣé n kò mọ̀ pé ẹ̀yìn búrẹ́dì lè pọ́n kí inú rẹ̀ má tíì jinná ni?

Iléyá kọjá, n kò sọ. Kí àyẹ̀wò mìíràn tó tó, ibà dé, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láti erìgì rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ni mo ti yọ ìwé náà, tí mo ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ ó sọ ọ́, irọ́ lẹ pa!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ ò fẹ́ kí ijó mi dúró ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Bọ́lá o. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́." Ọjọ́ kejì ló lọ.

Oṣù méje rèé. Bọ́lá ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun ń lọ bá dókítà náà jà. Ìyá rẹ̀ dárí jì mí. Ṣé òun náà á lè ṣe é? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé búrẹ́dì gbígbóná lé e lọ́wọ́, tí n kò rí ọ̀rọ̀ fi tẹ̀lé e.